Ẹran tí Iná Kò Pa, Ṣé Àwa Ni Yóò Pa Á?

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Gbogbo àwa tí a ń gbé ní Kambolé, ní Tchamba, títí dé Sokodé, a mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá dá, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, koríko á gbẹ. Kò ní pẹ́ tí iná yóò fi dé. Ní alẹ́, a ó máa rí i lókèèrè, tí ó ń jó gba orí òkè lọ. Ní òwúrọ̀, màjàlà á ti bà sórí aṣọ tí a sá sí àgbàlá. A ó gbọn aṣọ wa, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ.

Lónìí, mo fẹ́ kí a mú màjàlà yẹn lọ́wọ́, kí a wò ó. Kí ni ó jẹ́ lánàá? Koríko ni. Abẹ́ rẹ̀ ni àparò ń sùn sí. Inú rẹ̀ ni ọ̀yà ń gbà lọ mu omi. Nísinsin yìí, kò sí mọ́. Àwọn ẹran kan ti kú. Àwọn kan ṣẹ́kù. Ebi ń pa wọ́n, ẹsẹ̀ wọn ti jó, wọn kò sì rí ibi sá pamọ́ sí.

Ìbéèrè mi nìyí: ẹran tí iná kò pa, kí ni ó yẹ kí àwa ènìyàn ṣe sí i?

Ẹnìkan lè dáhùn pé: "Olùkọ́, ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹran ni ẹran. Kí a pa á, kí a sè é." Mo gbọ́. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yí èrò mi padà.

Ẹtu tí ó sá wá bá mi

Ní oṣù kejì ọdún 1992, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Àwọn ọkùnrin kan ní àdúgbò wa kó àwa ọmọdé jọ. Wọ́n ní kí a lọ sun igbó kan tí wọ́n ti kà léèwọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àkókò ti yí padà, kò sí ẹni tí yóò mú wa.

Àwọn àgbà lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, wọ́n ti iná bọ koríko. Àwa ọmọdé dúró ní apá kejì pẹ̀lú ajá. Igi wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wa. Iṣẹ́ wa ni kí a lu ohunkóhun tí ó bá jáde.

Iná náà ń dún bí òjò ńlá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni ehoro, ejò àti alángbá. Lọ́jọ́ mìíràn, ejò á lé alángbá. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n jọ ń sá ni. Lókè, àwòdì ń yí po, ó ń hán àwọn tata tí iná lé dìde.

Lẹ́yìn èyí ni ẹtu kan jáde. Iná ti jó o lẹ́sẹ̀. Kò yà sí ọ̀tún, kò yà sí òsì. Ọ̀dọ̀ mi gan-an ni ó ń bọ̀, nítorí pé ibi tí mo dúró sí nìkan ni kò sí iná. Mo gbé igi sókè, mo lù ú. Ó ṣubú. Ẹnìkan fi ọ̀bẹ dú u, wọ́n sì ní tèmi ni.

Mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ìyá mi la inú rẹ̀, ó bá ọmọ kan níbẹ̀. Irun ti hù lára ọmọ náà. Ìyá mi dákẹ́. Bàbá mi, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, wo ẹran náà, ó sì wo èmi náà. Ó bi mí pé: "Ṣé ìwọ ni o lé e bá, àbí òun ni ó sá wá bá ọ?" Mo ní òun ni ó sá wá bá mi. Bàbá mi ní: "Ohun tí ó bá sá wá bá ọ, àlejò rẹ ni."

Kò nà mí. Kò pariwo. Ṣùgbọ́n kò jẹ nínú ẹran náà, ìyá mi náà kò sì jẹ ẹ́. Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Mo ti gba sẹ́tífíkà ilé-ìwé kékeré, mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìwé. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Ọdẹ kọ́ ni ẹni tí ń dúró de iná

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdẹ wé ẹni tí ń dúró de iná.

Ọdẹ a máa jí ní òru. Ó mọ ipa ẹsẹ̀. Ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹran náà ní etí, ó ní imú, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì ní koríko tí yóò bò ó. Bí ọdẹ bá pa á, ọgbọ́n ọdẹ ni ó borí lọ́jọ́ náà. Bí ẹran bá lọ, ọdẹ á ní: "Ó di ọ̀la." Bàbá mi kì í pa abo tí ó lóyún bí ó bá mọ̀. Kì í pa ọmọ ẹran. Kò kà á nínú ìwé kankan. Bàbá tirẹ̀ ni ó kọ́ ọ.

Iná kò mọ abo yàtọ̀ sí akọ. Kò mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ. Ẹni tí ó dúró de iná náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó bá jáde ni yóò lù.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ yìí. Ilé aládùúgbò yín ń jó. Ó sá jáde pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo lórí. Ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó já àpótí náà gbà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ni ẹ ó pe ẹni náà? Olè ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó tilẹ̀ sọ pé ó burú ju olè lọ. Olè inú ọjà mú ọ̀kan nínú púpọ̀. Ẹni yìí mú ọ̀kan ṣoṣo tí iná fi sílẹ̀.

Ẹran tí ó jáde nínú iná kò ní àpótí. Ẹ̀mí rẹ̀ ni ọ̀kan ṣoṣo tí iná fi sílẹ̀ fún un.

Ẹlòmíràn á ní: "Ẹran kì í ṣe ènìyàn." Òótọ́ ni. Èmi náà ń jẹ ẹran, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran mọ́. Ọlọ́run fún wa láyè láti pa á jẹ. Ṣùgbọ́n ààyè láti jẹ kì í ṣe àṣẹ láti ṣe ìkà. Àwọn alfa wa máa ń sọ ìtàn ọkùnrin kan nínú wàásí. Òùngbẹ gbẹ ọkùnrin náà lójú ọ̀nà. Ó rí kànga, ó sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó mu omi. Nígbà tí ó jáde, ó rí ajá kan tí òùngbẹ fẹ́ pa. Ó padà sínú kànga, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi, ó sì fún ajá náà mu. Nítorí ìyẹn, Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ajá náà kì í ṣe tirẹ̀. Kò ní bá a ṣọ́ ilé. Ọkùnrin náà ṣàánú ajá nítorí pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí òùngbẹ ṣe rí ni. Àwa náà mọ bí iná ṣe rí. Ta ni nínú wa tí iná kò jó àká rẹ̀ rí, tàbí àká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí oko iṣu rẹ̀?

Ìṣirò kékeré kan

Ẹ ti mọ nọ́ńbà kọ báyìí. Ẹ mú bébà, kí a jọ ṣírò.

Abo ọ̀yà ń lóyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ó sábà máa ń bí ọmọ bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ó lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 4 + 4 = 8. Ká ní ejò àti àwòdì pa ìdajì wọn. Ó ku 4. Ẹ fi ìyá wọn kún un, ó di 5.

Ẹni tí ó pa abo kan lẹ́yìn iná, ìkòkò ọbẹ̀ kan ni ó rí. Ẹni tí ó fi í sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀, ẹran márùn-ún ni ó wà nínú igbó dè é. Àgbẹ̀ kì í jẹ iṣu tí ó fẹ́ gbìn tán. Èwo ni ká wá máa jẹ irúgbìn ẹran?

Ọ̀yà tilẹ̀ ń bí kíákíá. Erin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Erin ń lóyún fún oṣù 22, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá lọ, ọmọ ọmọ wa lè má rí i kí ó padà.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe irú, tí ẹ ń po òrí, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ yín ni. Ẹ ti rí òdòdó igi irú, tí ó pupa, tí ó rí róbótó, tí ó ń so rọ̀ lórí igi. Alẹ́ ni àdán ń wá mu omi dídùn inú rẹ̀. Bí ó ti ń ti orí igi kan bọ́ sí òmíràn, lẹ́búlẹ́bú òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìyẹn ni ó ń jẹ́ kí igi náà so. Ní ti igi òrí, kòkòrò oyin ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn ẹyẹ, àwọn ọ̀bọ àti àdán tún ń jẹ èso igi, wọ́n ń gbé kóró rẹ̀ lọ síbi tí kò sí igi.

Nítorí náà, ìyá tí ó gbé irú lọ sí ọjà, àdán ti bá a ṣiṣẹ́ kí ó tó dé ọjà. Kò sì gba owó ọ̀yà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá sun igi tí ó ní ihò tí kòkòrò oyin ń gbé, tí a ta àdán lókùúta nígbà tí iná lé e jáde, a lé òṣìṣẹ́ wa lọ nìyẹn. Iná tí ó bá sì pẹ́ kí ó tó dé a máa bá igi òrí nígbà tí ó ń tanná. Ó ń jó òdòdó náà. Lọ́dún yẹn, igi á dúró, ṣùgbọ́n kò ní so bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ìbínú tí ó ní ìdí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Bí mo bá fò ó, àwọn àgbà á sọ pé olùkọ́ yìí kò mọ ìtàn.

Ní agbègbè Tchamba wa níhìn-ín, igbó ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní igbó Abdoulaye. Ìjọba fàmì sí i ní ọdún 1951, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso Tógò. Ó tó hẹ́kítà 30,000. Irú igbó bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Tógò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n lé àwọn ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn, láìjókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá pa ẹran níbẹ̀ á rí ìyà. Bí ẹran bá sì jáde wá jẹ oko, àgbẹ̀ ni yóò pàdánù. Àwọn ènìyàn wá ń bi ara wọn léèrè pé: "Ṣé ẹran ṣe pàtàkì ju ọmọ wa lọ ni?"

Láti ọdún 1990 dé 1993, rògbòdìyàn òṣèlú mú orílẹ̀-èdè wa. Ìṣọ́ dẹ̀. Káàkiri Tógò, àwọn ènìyàn ya wọ inú àwọn igbó ìjọba. Wọ́n gé igi, wọ́n dáná sun igbó, wọ́n dá oko, wọ́n pa ẹran. Ní Kéran, ní àríwá, ibi tí ẹran ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ di ibi tí ẹran ṣọ̀wọ́n. Àkókò yẹn ni èmi náà lu ẹtu mi.

N kò ní sọ pé ìbínú àwọn ènìyàn kò ní ìdí. Ó ní ìdí. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé láìbi í, dandan ni kí inú bí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: ta ni ó lé wa? Ṣé ẹtu ni? Ṣé ẹfọ̀n ni? Ṣé erin ni ó jókòó sí ọ́fíìsì tí ó kọ ìwé pé kí a kúrò? Ènìyàn ni ó ṣe é. Àwa sì lọ gbẹ̀san lára ẹran. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá bú, tí ó wá dé ilé na ọmọ rẹ̀, ṣé ó ti gbẹ̀san lára ọ̀gá rẹ̀?

Bí a bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba lórí ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bá ìjọba rò ó. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ìwé. Ẹni tí ó mọ̀wé lè kọ lẹ́tà, ó lè ka òfin, ó lè bi òṣìṣẹ́ igbó pé: "Níbo ni wọ́n kọ èyí sí?" Òfin igbó tí Tógò ṣe ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2008 wà ní kíkọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ Faransé kà á fún wa, kí a mọ ohun tí ó jẹ́ tiwa àti ohun tí ó jẹ́ tìjọba. Iná kì í bá ènìyàn gba ẹjọ́ rẹ̀ rò.

Ẹ tún wo apá ìwọ̀-oòrùn Sokodé. Ọgbà ẹranko Fazao-Malfakassa wà níbẹ̀ láti ọdún 1975. Ó tó hẹ́kítà 192,000. Ní àkókò rògbòdìyàn yẹn, ìṣọ́ kò kúrò níbẹ̀ pátápátá, kò sì bàjẹ́ tó àwọn tó kù. Ohun tí èyí kọ́ wa kò le: níbi tí ènìyàn bá ti dáwọ́ dúró, ẹran á rí ibi dúró sí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Kì í ṣe àwa nìkan ni iná ń bá jà. Àwọn àgbà rántí ọ̀dá ọdún 1983. Iná jó ní Tógò, ní Gánà àti ní Côte d'Ivoire. Ní Gánà, ó jó oko kòkó púpọ̀, ebi sì mú. Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba Gánà ṣe òfin lórí iná igbó.

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tí ó jìnnà sí wa púpọ̀, iná ńlá jó láti ọdún 2019 wọ 2020. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ẹranko tí iná náà pa, tàbí tí ó lé kúrò níbi tí wọ́n ń gbé, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù mẹ́ta. Koríko jó tán. Ẹran kan wà níbẹ̀ tí ń gbé láàárín àpáta. Ó bọ́ nínú iná, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan jẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ New South Wales gun ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì ń da kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní kí ọkọ̀ náà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ìyá yẹn kan náà bi mí pé: "Àwa tí a kò ní ọkọ̀ òfuurufú, kí ni a lè ṣe?"

Ìbéèrè rere ni. Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdáhùn mi ni pé igbó tiwa kò fẹ́ kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́ wa. Ó fẹ́ kí a fún un láyè. Ẹ̀yin náà ti rí i: lẹ́yìn iná, kí òjò tilẹ̀ tó rọ̀, koríko tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú gbòǹgbò. Ẹran tí ó sá lọ sí etí odò á jáde wá jẹ ẹ́. Igbó mọ bí a ti ń wo ara ẹni sàn. Ohun tí kò jẹ́ kí ó sàn ni ọwọ́ wa tí kò sinmi.

Ohun tí ọwọ́ wa ká

Èkíní: kí a dá ìdẹ dúró ní ibi tí iná jó. Bí igbó kan bá jó, kí baálé, àwọn ọdẹ àti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè abúlé jókòó. Kí wọ́n fi ọjọ́ sí i. Èrò tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má pa ẹran níbẹ̀ títí òjò ọdún náà yóò fi parí. Kí àwọn ọdẹ fúnra wọn jẹ́ aṣọ́, nítorí àwọn ni wọ́n mọ igbó jù.

Èkejì: kí a dá igbó etí odò sí. Ibẹ̀ tutù, iná kì í sábà wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ẹran ń sá sí. Bí a bá gé e láti fi gbin nǹkan, a ti ti ilẹ̀kùn ilé ìsádi wọn. Kí a má sì da oògùn sínú odò láti fi pa ẹja ní ẹ̀ẹ̀rùn. Omi yẹn nìkan ni ó kù fún gbogbo ohun tí ó wà láàyè, àti fún àwa náà.

Ẹ̀kẹta: kí a fi igi tí ó ní ihò sílẹ̀, bí iná tilẹ̀ ti jó o lára. Kí a má sọ ọ́ di èédú. Ẹyẹ, ọ̀kẹ́rẹ́ àti kòkòrò oyin ń gbé inú rẹ̀. Kí a má wó òkìtì ìkán. Inú ihò abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹran ti ń bọ́ lọ́wọ́ iná.

Ẹ̀kẹrin: kí a kọ́ àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí ó ń ta òkúta sí ẹyẹ tí kò rí ewé sá sí, kò kọ́ ọdẹ ṣíṣe. Ó ń kọ́ bí a ti ń lu ẹni tí ó ti ṣubú.

Ẹ̀karùn-ún: kí a dẹ́kun iná tí ó ń pẹ́ dé. Bí ó bá di dandan kí a sun koríko, kí a sun ún ní oṣù kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, nígbà tí ìdí koríko ṣì tutù. Iná yẹn kì í ga, ó ń fi àyè sílẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Kí a sun ún ní ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo abúlé gbọ́ sí i, kí a ti ro yíká oko kí iná má baà kọjá. Iná oṣù kejì àti oṣù kẹta ni ìkà. Ó ń pa igi kékeré, kì í sì í fi nǹkan sílẹ̀. Nígbà gbogbo, a máa ń sọ pé àwọn Fúlàní darandaran ni ó dá a. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, ẹni tí ń wa oyin ni, tàbí àgbẹ̀ tí ń sun oko, tàbí ẹni tí ó ju sìgá sílẹ̀, tàbí àwa tí a fẹ́ jẹ ẹran.

Kò sí èyí tí ó gba owó nínú márààrún. Igi kan kò lè dá igbó ṣe, ẹnìkan kò sì lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ebi ń pa ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde ní kíláàsì yóò sọ pé: "Olùkọ́, ìwọ jẹun kí o tó wá. Èmi kò ní adìẹ, n kò ní ewúrẹ́. Bí mo bá rí ọ̀yà lẹ́yìn iná, ṣé kí n wò ó kí ó kọjá?"

Ìbéèrè yìí wúwo ju gbogbo èyí tó kù lọ, n kò sì ní fi ẹnu fẹ́rẹ́ dá a lóhùn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún ebi, èmi kọ́ ni n ó dá a lẹ́jọ́. Kí ó bọ́ ọmọ rẹ̀. Bí aládùúgbò rẹ̀ bá mọ̀ tí kò gbé gàárì fún un, aládùúgbò náà ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ṣé inú ìkòkò ẹni tí ebi ń pa ni gbogbo ẹran tí a ń pa lẹ́yìn iná ń lọ? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ń gbé kọ́ sórí igi lẹ́bàá títì, tí a ń tà á fún onímọ́tò tí ó ń kọjá. Owó náà kì í pẹ́ lọ́wọ́. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, igbó á dákẹ́. Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Olówó á ra ẹran màlúù ní Sokodé. Ẹni tí kò ní nǹkan ni yóò lọ sínú igbó, tí kò ní bá ẹran, tí kò ní bá oyin, tí kò ní bá òrí. Igbó ni àká ẹni tí kò ní àká. Ẹni tí ó bá ń jẹ nínú àká kan ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣọ́ ọ lọ́wọ́ iná.

Nítorí náà, n kò ní kí òtòṣì ṣàánú ẹran kí ó sì gbàgbé ara rẹ̀. Mo ní kí ó fi ẹran sílẹ̀ fún àkókò kan, nítorí ara rẹ̀ àti nítorí ẹran náà. Ọ̀nà méjèèjì pàdé ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, iná jó ẹ̀bá oko mi. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin lọ wo iṣu wa. A rí àparò kan tí ó dúró láàárín eérú, kò sí koríko kan níwájú rẹ̀, kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Kò fò. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀, síbi tí ewé iṣu wa ti ní òjìji. Ọmọ mi ti mú òkúta. Mo bi í ní ìbéèrè tí bàbá mi bi mí ní ọdún 1992.

Kò dá mi lóhùn. Ó wo ẹyẹ náà títí. Lẹ́yìn náà, ó jẹ́ kí òkúta náà bọ́ sílẹ̀, a sì lọ wo iṣu wa.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbéèrè náà wá kù sí ọwọ́ yín. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ ní ilé àti ní kíláàsì.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ìyàtọ̀ wo ni ẹ rí láàárín ọdẹ àti ẹni tí ń dúró de iná?
2. Igbó wo ni ó jó ní àdúgbò yín ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá? Ẹran wo ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò rí mọ́?
3. Bí ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀ abúlé, oṣù mélòó ni ẹ ó dá ìdẹ dúró? Kí ni ẹ ó ṣe fún ẹni tí ebi ń pa ní àkókò náà?
4. Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ yìí: "Ohun tí ó bá sá wá bá ọ, àlejò rẹ ni."